Ọjọ́ tí àwọn arúgbó hó lé mínísítà lórí: káàdì ìwòsàn Ireland àti owó tó wà lẹ́yìn ìwọ́de

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2008, John Moloney, tó jẹ́ mínísítà kékeré nínú ìjọba Ireland, lọ bá àwọn arúgbó sọ̀rọ̀ ní Dublin. Hòtẹ́ẹ̀lì ni ẹgbẹ́ Age Action tó pe ìpàdé náà fẹ́ lò, àmọ́ èrò tó wá kọjá ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì lè gbà, ni wọ́n bá rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Andrew ní Westland Row. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni, iwájú pẹpẹ ni mínísítà sì dúró sí. Orí ewú ló kún orí àga láti iwájú dé ẹ̀yìn, irú àwọn èèyàn tí ìyá wọn ti kọ́ láti kékeré pé a kì í pariwo nílé Ọlọ́run. Wọ́n pariwo. Wọ́n hó lé e lórí, wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ lù ú láti ìdí àga, agbára káká ni ohùn rẹ̀ fi ń jáde.

Káàdì kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní Ireland, ẹni tó bá ní káàdì ìwòsàn tí ìjọba ń fúnni kì í sanwó fún dókítà àdúgbò, ní 2008, kì í sì í sanwó oògùn tí dókítà bá kọ fún un. Ẹni tí kò ní in, nǹkan bí €50 ni yóò san láyé ìgbà náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá lọ rí dókítà. Oògùn ńkọ́? Yóò máa fi owó ara rẹ̀ rà á títí yóò fi pé €90 lóṣù kí ìjọba tó bá a gbé ìyókù. Ẹ̀yin náà sì mọ ara arúgbó: ẹ̀jẹ̀ ríru lónìí, oríkèé ẹsẹ̀ lọ́la, ojú lọ́tùn-únla.

Tẹ́lẹ̀, ìjọba a máa wo owó tó ń wọlé féèyàn kí wọ́n tó fún un ní káàdì yìí. Ní oṣù keje ọdún 2001 ni wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ti pé 70 ọdún, ì báà jẹ́ ọlọ́rọ̀, ì báà jẹ́ òtòṣì, káàdì tirẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n wọn kò ná an dáadáa kí wọ́n tó rà á. Nínú àdéhùn tí wọ́n bá àwọn dókítà ṣe, nǹkan bí €640 ni ìjọba ń san lọ́dún lórí olówó kọ̀ọ̀kan tó gba káàdì nítorí ọjọ́ orí, iye tó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n ń san lórí tálákà tó ti ní káàdì tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Dókítà tó ní aláìsàn olówó púpọ̀ ládùúgbò rẹ̀ rí ṣe. Ibi tí aṣọ náà ti kọ́kọ́ ya nìyẹn, kò sì sí arúgbó kankan níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé e.

Ó wá di 2008. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ìjọba Ireland ṣe onígbọ̀wọ́ fún báǹkì mẹ́fà, gbèsè àti owó oníbàárà tó tó €440 bílíọ̀nù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, Brian Lenihan tó jẹ́ mínísítà ìṣúná ka ètò ìṣúná nílé aṣòfin. Oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń kà á, ṣùgbọ́n iná ti ń jó orí òrùlé, wọ́n sáré gbé e wá síwájú. Nínú rẹ̀ ni gbólóhùn náà wà: káàdì ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹni 70 ọdún ti parí, a ó tún máa wo owó tó ń wọlé fún kálukú. €100 mílíọ̀nù ni wọ́n ní àwọn yóò rí fi pamọ́ lọ́dún.

Fi méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà kí o wò ó. Báǹkì rí onígbọ̀wọ́, ìyá àgbà pàdánù káàdì. Kò sí agbẹnusọ ìjọba tó lè ṣàlàyé èyí kí ó má rẹ̀rín ẹ̀sín gbà.

Ohun tí kò sí nínú ìṣirò Lenihan ni ẹ̀rù. Tálákà tó ti lé ní 70 ọdún kò ní pàdánù nǹkan kan nínú ètò tuntun náà, nítorí owó rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n ń wá kiri. Ta ló wá sọ fún un? Opó tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, tó tún ní ìwọ̀nba owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ àti owó díẹ̀ ní báǹkì tó fi ń dúró de ìsìnkú ara rẹ̀, kò mọ apá ibi tí òun wà lára ìlà náà. Fọ́ọ̀mù yóò dé. Wọn yóò ní kó kọ iye tó ní. Bí ó bá ṣì í kọ ńkọ́? Ẹni tó bá ti tẹ̀lé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lọ síbi àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì nílé wa rí, níbi tí wọ́n ti ń pe arúgbó láti ìlú jíjìn pé kó wá fojú hàn kí wọ́n lè mọ̀ pé kò tíì kú, ti mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìjọba fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Joe Behan, aṣòfin ẹgbẹ́ Fianna Fáil láti Wicklow, fi ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Finian McGrath, aṣòfin olómìnira tó ti ń gbè wọ́n lẹ́yìn, yọ ọwọ́. Ní ọjọ́ 21 kan náà tí wọ́n hó lé Moloney lórí, Brian Cowen tó jẹ́ olórí ìjọba jáde wá sọ pé àwọn ti gbé òdiwọ̀n sókè: ẹni tó dá wà tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju €700 lọ́sẹ̀ yóò mú káàdì rẹ̀ dání, tọkọtaya sì di €1,400. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó, márùn-ún péré ni yóò pàdánù.

Wọn kò torí ìyẹn jókòó sílé. Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, nǹkan bí 15,000 arúgbó dúró síwájú Leinster House tó jẹ́ ilé aṣòfin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń ṣe ìwọ́de tiwọn lọ́jọ́ kan náà nítorí owó ilé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ́ àti arúgbó bá pàdé ní ìgboro. Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí: láti 1967 ni ìjọba Ireland ti ń fún àgbàlagbà ní páàsì láti máa wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́. Arúgbó tó ti òpin ilẹ̀ wá sí Dublin wá bú ìjọba, ìjọba ló sanwó ọkọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àjọ aláàánú ti wọlé nìyí.

Ẹgbàá méje ààbọ̀ arúgbó kì í kóra jọ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ nítorí pé inú bí wọn. Inú ń bí arúgbó níbi gbogbo láyé, wọ́n ń bínú níwájú tẹlifíṣọ̀n ni, ó sì ń parí síbẹ̀. Ẹnìkan ní láti ti ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan ní láti lè ka ìwé ìṣúná lálẹ́ ọjọ́ tó jáde, kó sì fi èdè tó yéni sọ ohun tó wà níbẹ̀ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹnìkan ní láti gba àyè lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kó wá ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́, kó ṣètò àga fún ẹni tí kò lè dúró pẹ́. Iṣẹ́ ni gbogbo èyí, òṣìṣẹ́ sì ní láti jẹun. Àwọn onígbàgbọ́ wa máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Kẹ̀kẹ́ ìwọ́de náà ni.

Ẹgbẹ́ Irish Senior Citizens Parliament ló pe ìwọ́de náà. Ààrẹ wọn ni Sylvia Meehan, obìnrin tó ti sún mọ́ 80 ọdún nígbà náà, tó ti kọ́kọ́ jẹ́ olórí àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1977 láti gbógun ti ìrẹ́jẹ ọkùnrin àti obìnrin lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá mínísítà sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú àjọṣe ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Older & Bolder, pẹ̀lú Older Women's Network, Senior Help Line àti àwọn mìíràn. Senior Help Line yẹn wù mí púpọ̀: ní Summerhill, ìlú kékeré ní Meath, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1998, arúgbó tí ó dá wà ni yóò pe fóònù, arúgbó bíi tirẹ̀ ni yóò gbé e. Ẹ̀dùn ọkàn tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ nílé, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ.

Àjọ tó ń sanwó fún Older & Bolder ni Atlantic Philanthropies, owó Chuck Feeney. Ní New Jersey ni wọ́n bí Feeney ní 1931, sínú ìdílé tó ṣẹ̀ wá láti Ireland. Ní 1960, òun àti Robert Miller bẹ̀rẹ̀ òwò Duty Free Shoppers, ọtí, sìgá àti lọ́fínńdà tí èèyàn ń rà ní pápákọ̀ òfúrufú láìsan owó orí. Owó ya wọlé bí omi. Ní 1984, ó gbé gbogbo ìpín rẹ̀ nínú òwò náà fún àjọ aláàánú tó dá sílẹ̀, èyí tó kù sí i lọ́wọ́ kò tó $5 mílíọ̀nù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ìròyìn ń kà á mọ́ àwọn olówó ńlá lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ owó náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. 1997 ni àṣírí tú, nígbà tí wọ́n ta òwò náà. Aago Casio tí kò ju nǹkan bí $15 ló ń dè mọ́wọ́, ilé àyágbé ló ń gbé ní San Francisco, àjọ rẹ̀ sì ti ná ju $8 bílíọ̀nù lọ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ní 2020. Ó kú ní oṣù kẹwàá 2023.

Àwọn ilé tí owó rẹ̀ kọ́ fún yunifásítì kiri Ireland, kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ọ̀kan. Mo mọ̀ pé èyí yóò ṣòro gbàgbọ́ fún ẹni tó ń gbé níbi tí àpò ìrẹsì kílò márùn-ún ti máa ń ní fọ́tò olóore lára. Èmi kò kẹ́gàn ìrẹsì o. Ebi kì í dúró de ètò. N kò sì kẹ́gàn ilé: ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí Tony Anenih kọ́ fún UCH Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2012, ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá ló ń rí ìtọ́jú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè, nínú gbogbo àjọ tó ń pín ankárá fún opó nígbà Kérésìmesì, èwo ló ti san owó oṣù ẹnì kan rí kí ó máa bá àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tọ ìjọba ìpínlẹ̀ lọ lórí àjẹsílẹ̀ owó wọn? Ìyẹn kò ṣeé ya fọ́tò.

Ohun tí Atlantic rà fún àwọn arúgbó Ireland ni ẹnu. Wọ́n ra etí náà pẹ̀lú: àwọn, ìjọba àti iléeṣẹ́ adójútòfò Irish Life ló jọ sanwó ìwádìí TILDA tí Trinity College bẹ̀rẹ̀ ní 2009, èyí tó ń tẹ̀lé ju 8,000 èèyàn tó ti lé ní 50 ọdún láti mọ bí ara, àpò àti ọkàn wọn ṣe ń yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí mínísítà bá wá sọ pé àwọn arúgbó rí jẹ, ìwé wà nílẹ̀ tí a lè ṣí.

Ṣùgbọ́n n kò lè fi ìtàn yìí sílẹ̀ bí ìtàn akọni, nítorí egungun kan wà nínú rẹ̀ tó há mi lọ́fun. Àwọn wo ni ìwọ́de náà gbà sílẹ̀ ní ti gidi? Mo ti sọ ọ́ lókè pé òtòṣì kò ní pàdánù káàdì rẹ̀. Ẹni tí ìjọba ń wá ni arúgbó tí owó rẹ̀ ju ti òtòṣì lọ, títí dé ọ̀dọ̀ dókítà àgbà àti adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àjọ tó ní òun ń gbógun ti àìdọ́gba ló wá sanwó ẹgbẹ́ tó bá wọn mú káàdì wọn dání. Ẹni 68 ọdún tí kò lówó, tí kò tíì pé 70, fọ́ọ̀mù ló ṣì ń kún. Kò sẹ́ni tó ṣe ìwọ́de nítorí rẹ̀.

Ìdáhùn àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ni pé ohun tó bá kárí gbogbo èèyàn ló máa ń ní agbára, pé bí olówó bá ti jáde kúrò nínú ọkọ̀, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi dá táyà rẹ̀ lu. Mo gbà wọ́n gbọ́ dé ààyè kan. Ó ṣe tán, àwọn tí ara wọn le tí ọ̀rọ̀ sì dá lẹ́nu wọn ló kún iwájú Leinster House, lẹ́yìn wọn ni àwọn aláìlera fara pamọ́ sí. Àmọ́ ẹ tún wo èyí. Láti 2009 títí wọ 2015, ìjọba gé owó aláìníṣẹ́, láti €204.30 lọ́sẹ̀ dé €188, ti ọ̀dọ́ tún kéré gan-an sí i. Owó ìfẹ̀yìntì arúgbó, €230.30, kò dínkù. Wọ́n fọwọ́ kan àjẹmọ́nú Kérésìmesì, wọ́n fọwọ́ kan àwọn nǹkan mìíràn tó yí i ká, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn gan-an, ẹ̀rù 2008 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni débẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jọ wà ní ìgboro lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn ló gba pápákọ̀ òfúrufú lọ wáṣẹ́ sí Australia àti Kánádà. Wọn kò ní Feeney tiwọn.

Ká máa tẹ̀síwájú. Older & Bolder kò torí káàdì dá sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí orílẹ̀-èdè ní ètò kan tó kọ sílẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa dàgbà, ìlérí tó wà nínú ìwé àdéhùn ìjọba 2007. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń pariwo rẹ̀. Oṣù kẹrin 2013 ni ètò náà jáde, ìwé tó dára, owó kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún kan náà yẹn ni Older & Bolder kógbá sílé. Feeney ti pinnu láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun fẹ́ ná owó náà tán kí òun tó kú, Atlantic sì ti kéde rẹ̀ tipẹ́ pé wọn yóò dá fífúnni lówó dúró ní 2016. Nítorí náà kò bá ẹnikẹ́ni lójijì. Wọ́n kìlọ̀, wọ́n fúnni láyè, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wá olówó mìíràn. Olówó mìíràn wo? Ilẹ̀ Ireland kún fún ẹni tó ń fi owó sí ilé ìwòsàn ọmọdé àti ilé ẹranko tí kò ní olùtọ́jú. Ẹni tó fẹ́ sanwó kí arúgbó lè máa bá ìjọba jà ṣọ̀wọ́n ju ojú lọ, ìjọba fúnra rẹ̀ kò sì ní ṣe é.

Èyí ni mo rò pé Atlantic ṣì ṣe, bí mo tilẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà tó. Bí o bá kọ́ ilé, o lè lọ, ilé á dúró. Bí o bá ra ẹnu fún ẹni tí kò ní, oṣooṣù lo ń rà á. Owó díẹ̀ tí ẹgbẹ́ lè gba èlé rẹ̀ jẹ títí lọ ì bá ti ṣe ju owó ńlá tó dáwọ́ dúró lọ.

Ẹ gbọ́ nọ́ńbà kí n tó lọ. Òdiwọ̀n €700 tí 2008 gbà ni ìjọba sọ di €600 ní 2013. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, ó di €500 fún ẹni tó dá wà, €900 fún tọkọtaya. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pàdánù káàdì wọn. Ìbínú wà, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ṣùgbọ́n ìjọba kò mì bíi ti 2008. Ní oṣù kẹjọ 2015, wọ́n wá fún gbogbo ẹni 70 ọdún sókè ní irú káàdì mìíràn, olówó àti tálákà, èyí tí wọn yóò fi máa rí dókítà lọ́fẹ̀ẹ́. Oògùn kò sí nínú rẹ̀.